Àpótí Tí Gbogbo Mọ́sálásí Gbàdúrà Fún

Ọjọ́ Ajé, 12 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Sáà ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òtútù ìlú òyìnbó yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n dá fún ọmọ ènìyàn. Bọ́ọ̀sì pẹ́ ní Weston títí mi ò fi mọ̀ bóyá mo ṣì ní imú.

Prof Doreen pè mí sí ọ́fíìsì kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ kíláàsì ló ń pè wọ́n ní Doreen lásán, ọmọ ogún ọdún ń pe ẹni ọgọ́ta ọdún lórúkọ. Ẹnu tèmi kò gbé e. Wọ́n ń bó ọsàn kéékèèké jẹ, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi láì fi igbá kan bọ̀kan nínú: iṣẹ́ àṣekágbá tí mo gbé wá ní Disẹ́ńbà kò yege. Bí ti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Igbe náà kò bá yege, mo máa tún ọdún yìí kà.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Ọdún mẹ́rin ni Lateefat ìyàwó mi ti ń gbé ilé wa lérí, tó ń ti shift kan bọ́ sí òmíràn ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kí èmi tí mo ti ń ṣe káfíńtà láti kékeré lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àga. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe ń sọ ọ́. Mo ti ṣàlàyé títí ó ti sú mi pé industrial design kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n á ní kí ló wá jẹ́? Mo máa ní ó jẹ́ pé kí o mọ ẹni tó máa lo nǹkan kí o tó fọwọ́ kan pákó. Mo mọ̀ ọ́n sọ. Ó jọ pé mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.

Lateefat béèrè lálẹ́ pé báwo ni ilé ìwé. Mo ní ó ń lọ dáadáa.

Ọjọ́rú, 14 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Prof ní kí n jáwọ́ nínú "àwọn arúgbó gbogbo ayé" tí mo kọ sí Disẹ́ńbà, kí n mú ẹnì kan ṣoṣo. Mi ò ronú jìnnà. Alhaji Fàtáì ni.

Ní oṣù kọkànlá, èmi àti wọn jọ wà níbi síǹkì mọ́sálásí, à ń ṣe àlùwàlá, kálukú gbé ẹsẹ̀ kan sókè sínú omi. Orúnkún wọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yẹ̀. Mo nawọ́, aṣọ ni mo rí dì mú. Egungun kò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà wọn kò wá kí Jímọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ti ilé ṣe àlùwàlá, bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n máa wọ̀, ara àgbà kì í jẹ́ kó dúró títí wọ́n á fi débẹ̀. Hikmat, ọmọ wọn tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ní òun á máa bá wọn fọ ẹsẹ̀ nílé. Alhaji ní òkú ni wọ́n ń bá wẹ̀, àwọn kò tíì kú.

Nítorí náà: àpótí kan tí àgbàlagbà máa jókòó sí, tó máa fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fúnra rẹ̀, tó sì máa dìde láìsí ẹni tó dì í mú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 24 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni mo fi wà ní wọ́kṣọ́ọ̀pù ilé ìwé. Pákó maple ni mo lò. Mo fi sáńpépà fá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo kùn ún ní vánìṣì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó rẹlẹ̀ bí àpótí ìdáná ìyá mi, abẹ́ rẹ̀ ní àpótí kékeré tí búta omi ń wọ̀, iwájú rẹ̀ ní ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ìṣó kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀. Oríkèé gbá oríkèé mú.

Páálí ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń gé, páálí àti téèpù, ohun tí atẹ́gùn lè gbé lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Òkè-Àdó, bí o bá jẹ́ kí oníbàárà rí iṣẹ́ tí kò tíì parí, igi òòlù ni wọ́n á fi kí ẹ. Mo rẹ́rìn-ín sínú.

Ànúolúwa wá wò ó. Òun ni ọmọbìnrin Brampton tó ń jókòó tì mí, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tó jẹ́ òyìnbó ló fi ń dáhùn. Mo ní báwo ló ṣe rí i. Ó ní, "Wow, Uncle. It's beautiful." Ó dákẹ́ bíi pé ó fẹ́ fi nǹkan kún un, ó wá ní, "Like, really beautiful." Inú mi dùn dé ilé.

Jímọ̀, 30 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Lateefat fi mọ́tò gbé èmi àti àpótí lọ sí mọ́sálásí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n gbé e síbi síǹkì jẹ́ẹ́jẹ́, kí n máa wo bí àwọn àgbà ṣe ń lò ó. Lèmọ́mù kò gbà. Wọ́n ní ohun tó dára tó báyìí, a kì í gbé e pamọ́. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n gbé àpótí síwájú gbogbo jamáà, wọ́n ní ọmọ wa Muhyideen fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sàráà fún ilé Ọlọ́run. Ni àdúrà bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún mi, fún ìyàwó mi, fún Hàlímátù ọmọ wa, fún bàbá mi tó ti kú, fún ọwọ́ mi, fún ìwé mi. Àmín gba gbogbo ilé.

Mo pín fọ́ọ̀mù fún àgbà mẹ́rìnlá. Ṣé ó rọrùn láti jókòó sí? Ṣé ó rọrùn láti dìde? Máàkì láti oókan dé aárùn-ún. Mẹ́tàlá nínú wọn kọ aárùn-ún. Bàbá kan kọ ẹẹ́wàá. Òmíràn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Ọlọ́run á gbé mi ga. Mo jẹ ìrẹsì àwo méjì, mo sì sùn bí ọmọdé.

Ìṣẹ́gun, 3 Èrèlé

Mo kó fọ́ọ̀mù mẹ́rìnlá síwájú Prof Doreen. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Muhyideen, nínú àwọn mẹ́rìnlá yìí, mélòó ló jókòó sí i?"

Mo ní wọ́n wò ó dáadáa.

"Mélòó ló da omi sẹ́sẹ̀ lórí rẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to fọ́ọ̀mù jọ.

"Ẹni tí o tìtorí rẹ̀ ṣe é ńkọ́?"

Mo ní Alhaji kì í wá mọ́, nítorí pé wọn ò lè fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Wọ́n ní kí n túmọ̀ ohun tí bàbá kan kọ sísàlẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Wọ́n ní àdúrà dáadáa ni, àwọn náà ì bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣe irú ẹ̀ fún àwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èsì ìwádìí. "Ohun tó dán báyìí, ta ló máa sọ fún ẹ pé kò dára?"

Inú bí mi títí mo fi délé. Kí ni òyìnbó mọ̀ nípa àdúrà? Lateefat ní kí ni Prof sọ. Mo ní ó dùn mọ́ wọn.

Jímọ̀, 6 Èrèlé

Mo tètè dé mọ́sálásí. Àpótí kò sí níbi síǹkì. Mo wá a títí, ó wà lábẹ́ ibi tí a ń fi kóòtù kọ́. Wọ́n ti fi ọ̀rá funfun wé e láti òkè délẹ̀, wọ́n gbé páálí ọsàn lé e lórí. Mo bi ẹni tó ń tọ́jú ilé. Ó ní, "Brother, a ò jẹ́ kí omi kàn án o. Nǹkan tó fine báyẹn? Kí ọkàn yín balẹ̀."

Àpótí tí mo ṣe nítorí omi, wọ́n ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ omi. Mo jókòó síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Sàráà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ta ló ń gba sàráà tó tún ń wá àléébù rẹ̀? Bí a bá ṣe ni lóore, ọpẹ́ là á dá. Wọ́n dá a tán. Èmi ni mo ka ọpẹ́ wọn sí máàkì.

Níbi síǹkì, bàbá tó kọ ẹẹ́wàá fún mi gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó fi ọwọ́ kan di etí síǹkì mú. 

Ọjọ́ Ajé, 9 Èrèlé

Mo ní kí Ànúolúwa sọ òótọ́ fún mi nípa àpótí. Ó ní òun ti sọ ọ́. Mo ní èyí tó gbé mì ni mo ń béèrè.

Ó wo ilẹ̀. "Uncle, you're my dad's age. I can't be roasting your work."

"Roast it. Jọ̀ọ́."

"Okay. It's furniture. It's for somebody's living room. And it's so low. My grandma would sit down and that's it, she lives there now."

Ọmọ yìí ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Gbogbo kíláàsì ti mọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń tú iṣẹ́ ara wọn wò títí omijé á fi bọ́ lójú àwọn mìíràn, tó bá wá kan tèmi, wọ́n á ní "nice work, Uncle". Mo rò pé ọwọ́ mi ló dára jù. Àṣé àgbà ni mo dà láàárín wọn, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi títí mo fi fẹ́ fìdí rẹmi.

Mo ní kó máa pè mí ní Muhyideen. Ó gbìyànjú, ó dé ìdajì orúkọ, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun á gbọ́ ọ ní Brampton. A wá jọ ṣe àdéhùn: ó máa kọ àléébù sórí ìwé pélébé yẹ́lò, ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́ mi nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀, kò sì ní kọ orúkọ sí i. Èmi náà á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ pákó tí ayùn kò fi ní há.

Ọjọ́bọ̀, 12 Èrèlé

Ìwé yẹ́lò méje lórí àpótí. Méje.

Àbámẹ́ta, 14 Èrèlé

Mo gé páálí. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo gé e. Mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ó wọ́, mi ò sì tún un ṣe. Mo kó ìwé àti bíríkì sínú rẹ̀ kó lè gbé ènìyàn, mo dì í sínú ọ̀rá ìdọ̀tí dúdú kí ará àdúgbò má baà rí i, mo gbé e lọ sí Weston, sí àjà kọkànlá tí Alhaji Fàtáì ń gbé.

Hikmat ṣílẹ̀kùn. Ó wo èmi, ó wo ọ̀rá. "Brother Muyi, ṣé ẹ̀ ń kó kúrò nílé ni?"

Télọ̀ ni Alhaji ní Mọ́kọ́lá fún ogójì ọdún. Wọ́n fi ọ̀pá yí páálí mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń retí kí wọ́n ní Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Muhyideen, kí ni radaràda yìí?"

Mo ní, "Alhaji, àpótí àlùwàlá ni mo fẹ́ ṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ojú wọn yí padà. Wọ́n gbé gíláàsì wọ̀. "Ta lo wọ̀n?"

Mo ní ìwé kan wà ní ilé ìwé wa tí wọ́n kọ ìwọ̀n ara àwọn àgbàlagbà sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n wọ̀n.

"Ṣé èmi wà nínú wọn?"

"Rárá, sà."

"O wá rán aṣọ, o ò wọn aláṣọ." Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò jàlàbíà, wọ́n fa téèpù yọ. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, téèpù kò kúrò lápò. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n wọ̀n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínláàádọ́ta. Àpótí maple tèmi jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n.

Mo bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n ń ránṣọ, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ tí aṣọ kò bá bá ènìyàn mu, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ sọ.

Wọ́n ní, "Kí n máa bi oníbàárà léèrè? Ọ̀la ni ọdún, ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ojú ń tì í láti dá mi lẹ́jọ́. Ó máa ní ó dáa ni. Èmi á ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo máa ní kó dọ̀bálẹ̀ bíi pé bàbá rẹ̀ ló ń kí. Mo máa wá wo èjìká aṣọ. Aṣọ kì í purọ́."

Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí páálí, wọ́n tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ wọn lè dé ẹsẹ̀. Ó dé àárín ojúgun, ó dúró. Wọ́n wo ìka ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní, ohùn wọn lọ sílẹ̀, "Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kàn wọ́n kẹ́yìn."

Omi lé sí mi lójú. Mo díbọ́n pé mò ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Hikmat, wọ́n ti gé iwájú páálí mi, wọ́n gbé e dàgẹ̀rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ ni kó wá bá ọwọ́, wọ́n ní, kì í ṣe ọwọ́ ni kó máa lé ẹsẹ̀ kiri.

Ọjọ́rú, 18 Èrèlé

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dàbínù páálí kékeré ti di dọ́là mọ́kànlá. Yìnyín dé kókósẹ̀.

Àìkú, 1 Ẹrẹ́nà

Páálí karùn-ún. Kọ̀ǹpútà ni ọ̀tá mi báyìí. Ohun tí mo lè fi pẹ́ńsù yà ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ń gba odidi ọ̀sán lọ́wọ́ mi, bí mo bá sì ṣe é tán, Ànúolúwa á wò ó, á ní kòtò kan wà nínú rẹ̀ tí omi kò ní lè jáde níbẹ̀. Ebi ń pa mí, òun ń jẹ píísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bẹ̀ mí pé òun gbàgbé. Mo ní kó jẹun rẹ̀, ṣùgbọ́n kó jókòó sí apá ibi tí atẹ́gùn kò ti ń fẹ́ wá.

Hàlímátù rí páálí nínú pálọ̀. Mo ní kí ló rò pé ó jẹ́. Ó ní, "Is it for the cat?" A ò ní ológbò.

Jímọ̀, 13 Ẹrẹ́nà

Mi ò fẹ́ kọ ti òní.

Àwòṣe keje, pákó lásán, pẹ̀lú omi gidi, ní ilé ìwẹ̀ Hikmat. Alhaji jókòó. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àgẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn dé ìka, wọ́n fọ àárín ìka kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọra ń fọ̀ ọ́ bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Ti òsì náà dára. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fẹ́ dìde. Wọn kò lè dìde. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀mí wọn ń lọ sókè sódò, pẹ̀lú àwẹ̀ lẹ́nu. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin wọ́n fi gbogbo ara tì í, ọwọ́ àpótí já, wọ́n yọ̀. Mo rí wọn gbá mú lọ́tẹ̀ yìí, mo gbá gbogbo ara mú, àwa méjèèjì jọ bá a lọ sílẹ̀. Ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Èmi ni mo fi ìgúnpá gbá ilẹ̀.

Hikmat sáré wọlé. Nígbà tó ti gbé bàbá rẹ̀ jókòó tán, ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Brother Muyi, ó tó báyìí. I know ẹ mean well. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣe project." Alhaji kọjú sí ògiri.

Oṣù kan ló kù.

Àbámẹ́ta, 14 Ẹrẹ́nà

Lẹ́yìn ìṣínu, nígbà tí Hàlímátù ti wọ yàrá lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Lateefat. Pé mi ò yege ní Disẹ́ńbà. Pé ó lè jẹ́ pé mo máa tún ọdún yìí kà. Pé Alhaji ṣubú lánàá.

Kò pariwo. Ó gbé ife sílẹ̀. "Bàbá Hàlímátù, ìgbà wo ni mo di àlejò yín? Gbogbo ìgbà tí mo bá bi yín, ẹ ó ní ó ń lọ dáadáa. Mo ń bá yín gbé e, ẹ ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń gbé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò dín ọ̀kan kù fún mi.

Nígbà tó yá, ó ní kí n jókòó sórí àga tábìlì. "Ẹ na ẹsẹ̀ síwájú. Ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan."

Mi ò lè dìde.

"Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kó wọ abẹ́ àga. Ó yá."

Mo dìde.

"Every single shift ni mò ń gbé arúgbó dìde. Ẹsẹ̀ kọ́kọ́ ń wọ abẹ́ àga ná, kí imú tó kọjá orúnkún. Kí ló wà lábẹ́ àpótí yín?"

"Àyè búta ni. Mo fi pákó dí i."

"Búta." Ó ní, "Ṣé ẹ bi mí rí?"

Mi ò bi í rí. Láti oṣù kìíní ni mo ti ń ka ìwé lórí bí àgbàlagbà ṣe ń dìde, ẹni tó ń gbé wọn dìde ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń sọ fún un pé ó ń lọ dáadáa.

Jímọ̀, 20 Ẹrẹ́nà

Ọdún ìtúnu àwẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, èmi àti Lateefat gbé oúnjẹ lọ kí Alhaji. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ Hikmat níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní kí n dìde, ara ló ń ta òun lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ló ba òun.

Alhaji wo ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Páálí dà?"

Mo ní mo rò pé ó ti sú wọn.

"Aṣọ tí kò bá bá èèyàn mu, ṣé wọ́n máa ń sun ún ni? Wọ́n máa ń tú u rán ni." Wọ́n yíjú sí Hikmat. Hikmat wo àjà. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun á máa dúró lẹ́yìn wọn. Lateefat ní òun náà á wá.

Àbámẹ́ta, 28 Ẹrẹ́nà

Àwòṣe kẹjọ. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo pátápátá. Àgẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ ń ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ lè padà sábẹ́. Irin ìdìmú wà níwájú, níbi tí Lateefat fi ìka tọ́ka sí. Búta ti lọ. Ó dùn mí, mo fẹ́ràn ibi búta yẹn.

Ìdìde àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìkejì, mọ́kàndínlógún. Alhaji ní, "Mélòó?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ìṣẹ́jú-àáyá méje, Hikmat kò sì fọwọ́ kàn wọ́n.  Lateefat gbé ṣàlì rẹ̀ borí, ojú rẹ̀ ń dán.

Ìṣẹ́gun, 7 Igbe

Ọ̀rá líle funfun àti páìpù ni ìkẹyìn, kì í ṣe pákó. Omi kì í bá pákó ṣọ̀rẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, mo kàn fẹ́ fi han ayé pé mo mọ pákó ṣe. Ànúolúwa ló gé oríkèé méjì, ayùn kò há. Prof kọjá, wọ́n ní, "Ó yá, o lè fi sáńpépà fá a báyìí."

Ìṣẹ́gun, 14 Igbe

Ìgbìmọ̀ ènìyàn mẹ́ta, àti Prof Doreen lẹ́yìn. Mo to gbogbo wọn kalẹ̀: àpótí maple ní ìbẹ̀rẹ̀, páálí wíwọ́, páálí tí Alhaji gé, títí dé funfun. Ojú ń tì mí níwájú àwọn páálí yẹn, mo sì tò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan nínú wọn béèrè pé máàkì wo ni àwọn tó lò ó fún un. Mo ní wọn kò fún un ní máàkì, èyí tí wọ́n fún ní máàkì ni ti maple. Mo sọ ti sàráà àti ọ̀rá funfun fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà mo fi ìṣẹ́jú-àáyá hàn wọ́n, ìdìde kan lẹ́yìn ìkejì. Obìnrin tó jókòó láàárín ní ìyá òun ń gbé lórí òkè ilé òun, òun kò tíì wo bó ṣe ń dìde rí.

Wọ́n ní kí n máa retí èsì.

Ọjọ́bọ̀, 16 Igbe

Mo yege. Mo pe Lateefat níbi iṣẹ́. Ó ní, "Alhamdulillah," ó sunkún díẹ̀, ó ní ìyá kan ń pe òun, ó gé fóònù. Èmi náà sunkún nínú bọ́ọ̀sì, mo kọjú sí wíńdò.

Jímọ̀, 17 Igbe

Òjò wínníwínní. Yìnyín ti tán lẹ́bàá ọ̀nà.

Hikmat mú Alhaji wá sí mọ́sálásí. A tètè dé kí èrò tó pọ̀. Lèmọ́mù fẹ́ kéde, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kéde nǹkan kan. Àpótí funfun ti wà níbi síǹkì láti àná, omi ti ta sí gbogbo ara rẹ̀, ẹnì kan ti fi ọṣẹ sórí rẹ̀.

Mo fẹ́ bá Alhaji wọlé. Wọ́n fi ọ̀pá dá mi dúró.

"Níbo?"

"Kí n kàn wò ó bóyá…"

"O ti wò mí tó. Dúró síta."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Èmi àti Hikmat dúró ní kọ́rídọ̀. A gbọ́ omi. Ó dá. A tún gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì nìyẹn. Ó dá. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Hikmat gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, mo mirí fún un. Mo ń kà nínú. Mo ka dé méje. Mo ka dé mẹ́sàn-án. Mo ka dé mọ́kànlá.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì tutù, omi ṣì wà láàárín ìka. Wọn kò wò mí, wọn kò dúpẹ́, wọn kò gbàdúrà kankan fún mi. Wọ́n ní, "Ẹ yà lọ́nà, kí ìlà sáàfù iwájú tó kún," wọ́n sì gba àárín wa kọjá.